Àsáró Tí Gbogbo Ìlú Ní Ó Korò

Àlọ́ o!

Àlọ̀.

Ohùn mẹ́ta péré ni mo gbọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnu tí mo ń kà níbí lé ní mẹ́tàlá. Kálukú dákẹ́, ó ní ẹni tó jókòó ti òun ni yóò dáhùn. Bàbá Adéògún, mo rí yín o, ẹ fi obì dí ẹnu. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ẹni tí kò bá dáhùn, kó má retí ẹ̀pà tó wà nínú agbọ̀n yìí.

Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí ẹyẹ Awó, alásè ìlú ẹranko. Ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ẹni tí ikùn rẹ̀ kì í gbọ́ pé ó tó. Ó sì dá lórí odidi ìlú kan tó ń fi ojú wo ojú títí àsáró fi di ewúro.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń gbé pọ̀ nílùú kan ṣoṣo, wọ́n ní oko kan tí gbogbo wọn jọ ń ro. Ọrọọrún ni wọ́n ń ṣe ọ̀wẹ̀ níbẹ̀. Láti ìdájí ni wọ́n á ti máa kọ ebè iṣu, wọ́n á máa kọrin, eruku á máa sọ. Tí oòrùn bá kan àtàrí, wọ́n á ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á lọ sábẹ́ igi odán, Awó á sì ṣí ìkòkò àsáró.

Àsáró Awó kì í ṣe àsáró lásán. Iṣu funfun, epo pupa, irú, ẹja gbígbẹ tó ti rọ̀ sínú rẹ̀ bí òwú. Tó bá ń hó, ẹni tó wà lókè odò á dúró, á gbé imú sókè. Lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún iṣẹ́ náà. Kí ìyá yẹn tó kú, ó fi orógùn ìlú lé e lọ́wọ́, orógùn gíga kan tó ti dúdú, tó ń dán bí ẹni fi epo pa á. Awó kì í fi í sílẹ̀. Tó bá ń lọ sọ́jà, orógùn wà lọ́wọ́. Tó bá ń lọ pọn omi, ó wà lábẹ́ apá. Wọ́n ní tó bá sùn pàápàá, òun ló fi ń ṣe ìrọ̀rí.

Àṣà kan wà nílùú yẹn. Wọn kì í kàn bu oúnjẹ ọ̀wẹ̀ jẹ. Àgbà ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bàbá Erin ló dàgbà jù, òun ni yóò ti ọwọ́jà bọ inú ìkòkò, ìyẹn imú gígùn tó fi ń ṣe ọwọ́. Yóò tọ́ ọ wò, yóò sì sọ bó ṣe rí, kí gbogbo èèyàn gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ó kan Ẹfọ̀n. Lẹ́yìn Ẹfọ̀n, Ọ̀bọ. Lẹ́yìn Ọ̀bọ, Ìjàpá. Lẹ́yìn Ìjàpá, Ọ̀yà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan Ìyá Ìgbín. Ìyá Ìgbín kì í ṣe ọmọdé o, ìrìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kó tètè dé. Awó tó sè é ló ń parí rẹ̀. Bí gbogbo ẹnu bá ní ó dùn, ó di jíjẹ. Bí gbogbo ẹnu bá ní kò dára, ó di gbígbé sọnù létí odò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́. Láti ayébáyé, wọn ò gbé e sọnù rí. Ó dùn, ó dùn, ó dùn ni, títí dé ìparí ìlà.

Ìjàpá ńkọ́? Ìjàpá ń wá sí ọ̀wẹ̀ o. Ohùn rẹ̀ ló ń ròkè jù nínú orin. Ó ń gbé ọkọ́ sókè bíi tàwọn yòókù, àmọ́ ọkọ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Láàárín èrò, ta ló ń ka ebè ẹnì kan? Níbi tó ti ń gbé ọkọ́ sókè tí kò sọ ọ́ kalẹ̀ yẹn, ó ráyè wo ojú ayé. Ó rí i pé bí Bàbá Erin bá wo ọ̀run, Ẹfọ̀n á wo ọ̀run. Bí Ẹfọ̀n bá wò ó, Ọ̀bọ náà á wò ó. Lọ́jọ́ kan, ọrùn ń yún Ìjàpá, ó gbé orí sókè láti fi ọrùn họ ara igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Kó tó họ ọ́ tán, ìdajì oko ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wá ohun tó wà lójú sánmà. Ọ̀bọ tilẹ̀ ní òun rí i. Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń mì. Ó ní, "Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?"

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Awó ru igi ìdáná, ó ń kọjá lọ lẹ́bàá ọ̀nà oko, ó rí Ìjàpá tó gbé akèrègbè dání, tó ń bá Bàbá Erin sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìjàpá ní òun rí bí bàbá ṣe ń tiro. Ó ní àgbo orúnkún nìyí, èèpo ọ̀gánwó ló wà níbẹ̀, kí bàbá gbé e mu lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má sì sọ fún ẹnì kankan, torí ìlú tó bá mọ̀ pé orúnkún ń dun olórí òun kò ní í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Bàbá Erin wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó da gbogbo rẹ̀ sọ́nà ọ̀fun. Awó kọjá lọ ní tiẹ̀. Ta ni yóò bèèrè ohun tí àgbà ń mu? Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí, ẹ fi ọkàn sí akèrègbè yẹn. Ẹni tó bá ti mu àgbo ọ̀gánwó rí nínú agbo ilé yìí mọ ohun tí mò ń wí. Ó lè mu odò gbẹ lé e, ahọ́n rẹ̀ á ṣì máa sunkún.

Wọ́n dé abẹ́ odán. Awó ṣí ìkòkò, òórùn rẹ̀ gba gbogbo abẹ́ igi. Bàbá Erin ti ọwọ́jà bọ̀ ọ́, ó fi sẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó gbé e mì tipátipá.

Ó ní, "Ó korò."



Ó kan Ẹfọ̀n. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ó dùn mọ́ Ẹfọ̀n lẹ́nu débi pé ìrù rẹ̀ ta sókè. Àmọ́ ó wo ojú Bàbá Erin. Ó rò ó pé ọ̀rọ̀ àgbà kì í tàsé, àfi bí ẹnu tòun bá ń ṣòjòjò. Ó ní, "Ó korò lóòótọ́." Ọ̀bọ lá ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ronú pé ẹni méjì tó ju òun lọ ti sọ̀rọ̀, òun ò ní í jẹ́ òmùgọ̀ láàárín ọlọ́gbọ́n. Ó ní ó korò. Ìjàpá ò tiẹ̀ jẹ́ kó kan ahọ́n rẹ̀ tó fi ṣubú sẹ́yìn, ó ta ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, ó ní ikú dé. Ọ̀yà ní ó korò. Ìyá Ìgbín ní ó korò. Ó wá kan Awó. Ó tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó tún un tọ́ wò. Ó dùn. Ó gbójú sókè, gbogbo ojú ìlú ló ń wò ó. Ó fẹ́ sọ pé kò korò. Ohun tó jáde ni, "Ó jọ pé ó korò díẹ̀."

Ni Ìjàpá bá dìde, ó gbọn eruku nù, ó gbé orin. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa gbè é:

Àgbà ti tọ́ ọ wò o,
*Ẹ gbé e dànù.*
Ẹnu àgbà kì í ṣìnà,
*Ẹ gbé e dànù.*
Èmi ni n ó forí rù ú,
*Ẹ gbé e dànù.*
Ẹ padà sídìí ebè yín,
*Ẹ gbé e dànù.*

Gbogbo wọn ń kí i pé ó ṣeun, pé ọmọlúàbí ni, pé ta ni yóò fi orí ara rẹ̀ ru ohun kíkorò nítorí ìlú. Ìjàpá gbé ìkòkò, ó di etí odò, ó di ẹ̀yìn koríko gíga. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi ń mí bí ẹni gun òkè. Ó lá ìdí ìkòkò. Ó fi omi odò ṣan ẹnu. Àwọn tó kù ń kọ ebè pẹ̀lú ebi, ebè wọn sì ń rí ṣókí ṣókí bí òkìtì eèrà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Awó gba ilé Ìyá Ìgbín lọ. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó.

Ó ní, "Ìyá, àsáró ọ̀sán yẹn, báwo ló ṣe rí lẹ́nu yín?"

Ìyá Ìgbín yọ ojú síta, ó wo ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Bàbá Erin ní ó korò."

"Ẹnu yín ni mò ń bèèrè, Ìyá."

"Ẹfọ̀n náà ní ó korò."

"Ẹnu tiyín ńkọ́?"

Ìyá Ìgbín fa ojú wọlé. Inú ìkarahun ló ti ń fọhùn. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹnu rẹpẹtẹ ti sọ̀rọ̀ kó tó kàn mí. Ṣé tèmi nìkan ló wá máa yọ gánńgán láàárín wọn? Máa lọ sílé, jàre. Bóyá ẹnu ẹ ló ń ṣòjòjò."

Awó pàdé Ọ̀yà lójú ọ̀nà, ó bi òun náà. Ọ̀yà ní ó korò gan-an ni, ó korò débi pé òun á fi lá àlá. Ó sì ń dá itọ́ mì bó ti ń sọ ọ́.

Awó délé, ó bá orógùn ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ṣé ahọ́n tẹ́ ẹ bí mọ́ mi ló kú?" Láti ọjọ́ yẹn, kò sinmi. Ó pààrọ̀ epo. Ó pààrọ̀ irú. Ó fi iyanrìn fọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí ìkòkò fi fẹ́ lu. Ó sè díẹ̀ nílé, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó dùn. Ó ní kò dá òun lójú. Ó tún un tọ́ wò. Bó ṣe ń tọ́ ọ wò ló jẹ ìkòkò kan tán, kò sì tíì mọ̀ bóyá ó dùn tàbí ó korò.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ kejì pé. Akèrègbè dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá Erin mu ún, nítorí ó ní orúnkún òun ti ń fúyẹ́. Wọ́n dé abẹ́ odán, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó korò. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò tiẹ̀ ronú mọ́. Ẹfọ̀n ti ń sọ pé ó korò kó tó fi sẹ́nu. Ọ̀bọ tu itọ́, ó wá gbé itọ́ náà mì nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Awó náà ní ó korò, kò sì fi "díẹ̀" sí i mọ́. Orin gbalẹ̀. *Ẹ gbé e dànù.* Ìjàpá di etí odò.

Inú Ẹfọ̀n ò dùn sí i. Ebi ń pa á, ẹni tí ebi bá sì ń pa yóò wá ẹni tí yóò fi ṣe é. Ó ní alásè tó bá bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, orógùn ò yẹ ẹ́ mọ́, kí wọ́n gbà á lónìí yìí. Gbogbo wọn mi orí. Ọkàn Awó já. Ta ló wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un? Ìjàpá ni. Ó ní kí wọ́n ṣàánú alásè yìí, kí wọ́n jẹ́ kó sè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní bóyá ìkòkò ló kéré, tí ohun kíkorò ò ráyè tàn ká. Kí wọ́n lo ìkòkò ọdún, èyí tí ikùn rẹ̀ tóbi bí ahéré. Ìlú ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí i. Awó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìjàpá. Ẹ rí i báyìí? Ẹni tó ń jẹ àsáró rẹ̀ ni Awó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, Awó kó gbogbo iṣu àká rẹ̀ sínú àsáró yẹn. Ìkòkò ọdún tóbi níkùn, àmọ́ ọrùn rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ kéré. Bàbá Erin tọ́ ọ wò. Ẹ ò nílò kí n sọ ọ́ fún yín mọ́.

"Ó korò."

Ó korò, ó korò, ó korò, títí dé orí Ìyá Ìgbín. Bàbá Erin wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kí Awó lọ fọ orógùn mọ́ ní odò, kó gbé e wá fún òun kí oòrùn tó wọ̀. Awó fi orógùn sábẹ́ apá. Kí ló fẹ́ wí, nígbà tí ẹnu tiẹ̀ náà ti ní ó korò?

Ìjàpá ò lè dá gbé ìkòkò ọdún. Ọ̀bọ àti Ẹfọ̀n ló bá a gbé e dé etí odò, wọ́n gbé e jókòó sínú kòtò ẹrẹ̀ tó wà létí omi, ó sì ní kí wọ́n máa sáré lọ kí ìkorò má fò mọ́ wọn. Wọ́n sáré lóòótọ́. Ìjàpá gun ẹnu ìkòkò, ó bẹ́ sínú rẹ̀ gbì. Àsáró kún dé ọrùn, orí àsáró ló dúró lé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ó jẹ ẹ́ lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó yó tán, tó kù díẹ̀ nídìí ìkòkò, ó gbójú sókè. Ẹnu ìkòkò ti di ìràwọ̀ kékeré kan lókè. Ó nawọ́, kò tó o. Ó gun ara ìkòkò, epo yọ̀ ọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó tún gùn ún, ó tún yọ̀ ọ́. Ohun tó dúró lé lórí náà ló jẹ tán.

Ibẹ̀ ló wà tí òjò fi ṣú lókè odò. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ó wọ kòtò ẹrẹ̀. Ó gba ìdí ìkòkò. Ìkòkò mì. Nísàlẹ̀ odò yẹn, ibi tí omi ti ń sáré, àpáta mẹ́ta ló dúró síbẹ̀, wọn kì í fi ojúure gba ìkòkò. Ìjàpá gbọ́ ohùn omi, yíyó dá lójú rẹ̀. Ó figbe bọnu.

Ẹ gbà mí o, ará ìlú,
*Omi ń gbé mi lọ.*
Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ṣàánú,
*Omi ń gbé mi lọ.*
Kẹ́nì kan dìde o,
*Omi ń gbé mi lọ.*

Gbogbo ìlú gbọ́. Gbogbo ìlú jáde. Wọ́n tò sí etí odò bẹẹrẹ, wọ́n ń wo ìkòkò tó ń mì. Ẹfọ̀n wo Bàbá Erin. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ ohun tó le ni, bàbá ìbá ti sọ̀rọ̀. Bàbá Erin wo Ẹfọ̀n. Ó ní bó bá jẹ́ ohun tó le ni, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá ìbá ti sáré. Ọ̀bọ wo Ọ̀yà, Ọ̀yà wo Ọ̀bọ. Ọ̀yà ní bóyá orin ló ń kọ. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ burú láàárín wọn. Kálukú kàn ní èrò pọ̀, ẹnì kan yóò lọ. Ẹnì kan yẹn ò sì wà níbẹ̀.

Ìjàpá ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Òógùn bo ọrùn rẹ̀, nítorí òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun tó ti fi jẹ àsáró lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni. Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Bó bá ń pe ará ìlú títí di ọ̀la, ará ìlú ò ní í dá a lóhùn, torí kò sí ẹni tí ń jẹ́ Ará Ìlú.

Ìkòkò yí díẹ̀, Ìjàpá rí etí odò lójú ihò ẹnu ìkòkò. Ó rí orí kékeré kan tó gbé orógùn tútù lọ́wọ́, tó ń wo ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe.

"Awó," ni Ìjàpá wí. "Ìwọ ni mò ń bá wí, Awó ọmọ alásè, ìwọ tó gbé orógùn dání. Dákun, wá yọ mí."

Ara Awó bù máṣọ. Ojú rẹ̀ kúrò lójú èrò. Tí wọ́n bá pè ẹ́ lórúkọ, ta lo tún fẹ́ wò? Ó ti sáré wọ inú omi dé orúnkún kó tó mọ̀. Ó fi orógùn kọ́ ọrùn ìkòkò. Àmọ́ kó tó fà á, òórùn kan jáde wá pàdé imú rẹ̀, òórùn tó mọ̀ bí ó ti mọ ohùn ìyá rẹ̀. Ó bẹjú wò ó. Ó rí epo lẹ́nu Ìjàpá, ó rí i ní imú, ó rí i létí.

Ó ní, "Kí lò ń ṣe nínú oúnjẹ kíkorò?"

"Mò ń sin ín ni, Ìyá Awó. Ẹ fà mí."

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu ẹ?"

"Ó korò. Ẹ fà mí, ẹ jọ̀ọ́."

"Tó bá korò, jẹ́ kí omi bá ẹ ṣan ẹnu." Ó dẹ orógùn díẹ̀. Ìkòkò fì, omi ta wọ inú rẹ̀ ṣàà.

Ìjàpá pariwo débi pé àwọn tó wà lókè odò gbọ́ ọ. Ó ní, "Ó dùn. Ó dùn, Ìyá Awó, ó ti ń dùn láti ọjọ́ kìíní, n ò jẹ irú rẹ̀ rí láyé mi."

Awó kò wo ojú ẹnì kankan mọ́. Ó kígbe sí etí odò. Kò pe ará ìlú o. Ó ní, "Ẹfọ̀n, ẹ wá di orógùn yìí mú. Ọ̀bọ, bọ́ sẹ́yìn ìkòkò, kó o tì í. Bàbá Erin, ẹ fi ọwọ́jà gbá ọrùn rẹ̀ mú." Bí kálukú ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ló ń fò wọ omi, bí ẹni wọ́n jí lójú oorun. Wọ́n fa ìkòkò dé orí ilẹ̀, wọ́n dà á délẹ̀, Ìjàpá yí jáde gbirigbiri, àsáró ọ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ sè lẹ̀ mọ́ ọn látorí dé ìrù.

Awó fi orógùn gbọ́n èyí tó kù nídìí ìkòkò. Kò gbé e fún àgbà. Òun ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó gbóhùn sókè.

"Ó dùn. Lọ́jọ́ kìíní, ó dùn. Mo parọ́ mọ́ ọwọ́ ara mi."

Ẹ wá gbọ́ Ìyá Ìgbín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ó ní, "Ó dùn sí èmi náà. Ó dùn débi pé mo lá ìkarahun mi nígbà tí mo délé." Ọ̀yà ní ó dùn. Ọ̀bọ ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹfọ̀n ní òun náà ti mọ̀. Gbogbo ìlú ló ti mọ̀. Wọ́n wá ń bi ara wọn pé bí gbogbo wa bá mọ̀, ta ni kò mọ̀?

Wọ́n yíjú sí Bàbá Erin. Bàbá Erin lá àsáró tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́jà rẹ̀, kò sì tíì mu àgbo láti ọ̀sán. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Orúnkún ló ń dùn mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àgbo tí Ìjàpá ń fún mi ni mò ń mu, n kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Mo gbàgbọ́ pé ìkorò àgbo ti bá ọ̀fun lọ."

Ẹfọ̀n ní, "Bàbá, tèmi náà ń dùn mí." Ọ̀bọ ní ìbàdí ni tòun. Kò sí ẹni tí nǹkan kan ò dùn níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn mìíràn fi jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ìjàpá ti ń rọra yọ́ lọ. Wọ́n dá a dúró. Wọ́n ní gbogbo ebè tí ebi kò jẹ́ kí ìlú kọ, òun nìkan ni yóò kọ ọ́. Igba ebè. Ìlú jókòó sábẹ́ odán, wọ́n ń jẹ àsáró tuntun, wọ́n ń fi ohùn òkè kọrin ràn án lọ́wọ́, bó ṣe máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́:

Ìjàpá, sọ ọkọ́ kalẹ̀,
*Kó kan ilẹ̀.*
Ohùn ò kọ ebè rí o,
*Kó kan ilẹ̀.*

Wọ́n sì yí àṣà wọn padà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọwọ́ ló ń bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú á dijú, gbogbo ẹnu á sì sọ̀rọ̀ pọ̀. Ìjàpá ńkọ́? Tó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ èrò báyìí, á fa orí wọlé kíá. Ó rántí ọjọ́ tí èrò dúró tì í, tí wọ́n ń wò ó. Awó gbé orógùn rẹ̀ lọ sílé, kò sì wo ojú ẹnì kankan mọ́ kó tó fọhùn. Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́la, kẹ́ ẹ wò ó. Bí ejò bá wọ́ kọjá, tàbí àṣá bá rà bàbà, Awó kì í bi ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ṣé ẹ rí i. Á kọ́kọ́ ké tòò, ká tó wá bèèrè ohun tó rí.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ gbà á bí mo ṣe bù ú fún yín. Ohun tó bá dùn lẹ́nu ẹ, sọ pé ó dùn, bí ẹnu ogún bá tiẹ̀ ti ní ó korò. Ó lè jẹ́ pé ìwọ ni gbogbo wọn ń dúró dè. Bí o bá gbọ́ igbe, má wo ojú ẹnì kejì, òun náà ń wo tìẹ. Bí ìwọ lo wà nínú ìkòkò, pe ẹnì kan lórúkọ.

Bí mo bá parọ́, kí àsáró mi ọ̀la jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Bí n kò bá parọ́, kí ẹnì kan dìde, kó bu omi sí iná yẹn ká lọ sùn.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní í dìde. Bàbá Adéògún, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.